Owó Òru Kan

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Bààlúù tó gbé ìyá wa láti Èkó balẹ̀ sí Heathrow lásìkò. Àpótí wọn méjèèjì jáde. Bọ́ọ̀sì dé, ọ̀nà ò dí. Màmá sùn mọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Southampton, wọ́n jí, wọ́n jẹun, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án ọjọ́ kejì láìsí ìkánjú kankan. Ni Bọ̀dá wa àgbà bá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé: "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Owó òru kan yẹn, ṣebí a kàn jù ú sómi ni."

Ọmọ mẹ́rin ni a jẹ́. Nígbà tí Màmá máa pé 70 ọdún, a dá owó jọ kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, irú èyí tó tóbi bí àdúgbò kan, tó máa ń gbéra ní Southampton lọ sí Norway, tó sì máa ń padà lẹ́yìn ọjọ́ méje. Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa bá wọn lọ. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà nílẹ̀. Ti Schengen náà ti jáde, torí Norway wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lò ó. Gbogbo ohun tí èèyàn máa ń rò pé ó le ti parí. Ohun tó wá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni èyí tó kéré jù: ṣé kí Màmá dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, àbí kí wọ́n dé láàárọ̀ Sátidé gan-an tí ọkọ̀ máa gbéra?

Ìṣirò Bọ̀dá dùn ún gbọ́. Bààlúù tó bá kúrò l'Ékòó lálẹ́ Jímọ̀ máa balẹ̀ sí Heathrow ní nǹkan bí aago 6 àárọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ ojú omi ò ní gbéra títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mọ́kànlá nìyẹn. Láti Heathrow dé Southampton ò sì ju nǹkan bí 110 kìlómítà lọ. Bí ọ̀nà bá dá, wákàtí kan ààbọ̀ ni pẹ̀lú mọ́tò. "Wákàtí mọ́kànlá fún ìrìn wákàtí kan ààbọ̀," ni Bọ̀dá wí, "kí la tún ń wá?"

Òtẹ́ẹ̀lì tí a rí jẹ́ 118 pọ́n-ùn fún òru kan. Tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó oṣù mẹ́ta lọ fún ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ìyẹn 70,000 náírà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta fún ibùsùn kan ṣoṣo! Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn jókòó rò dáadáa ni.

Torí náà, ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì nìkan. Bí a bá náwó láti dènà aburú kan, tí aburú náà kò sì wá mọ́, ṣé owó wa ṣòfò ni? Ìbéèrè mìíràn tún wà nídìí ìyẹn: àyè tí a fi sílẹ̀ láàárín ohun kan àti òmíràn, ta ló yẹ kó san owó rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ lọ sí gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn, kí ẹ ní Èkó lẹ̀ ń lọ. Ọkọ̀ ibẹ̀ ò ní aago. Ohun tó ń mú un gbéra ni pé kó kún. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé á jókòó, á máa fi bébà fẹ́ ara ẹ̀, á ra gúgúrú, á ra omi inú ọ̀rá, á gbọ́ gbogbo ìpolówó ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń pe èrò ń pariwo pé, "Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan péré!" bẹ́ẹ̀ èèyàn márùn-ún ló kù. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹnì kan á rọra rìn dé, á bọ́ sórí ìjókòó tó gbẹ̀yìn, ọkọ̀ á sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀ yẹn, ẹni tó pẹ́ jù ló gbádùn jù. Ẹni tó tètè dé ló fi wákàtí kan nínú ayé ẹ̀ sanwó fún un.

Ohun kan náà là ń ṣe lóde ìnáwó. Ìwé ìpè ní aago 10 ni. Ẹni tó bá gba ìwé ìpè gbọ́ á dé, á bá àwọn tó ń to àga. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ẹni tó tètè dé là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

A ò bú gáréèjì o. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Awakọ̀ tó ra epo lówó gọbọi ò lè gbé ìjókòó òfìfo lọ s'Ékòó. Àánú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: obìnrin tó pọn ọmọ, tó ń sáré bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ lè dúró dè é. Àmọ́ àánú yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tó ti jókòó sínú ọkọ̀ ló ń san owó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ san án.

Ọkọ̀ ojú omi dojú ètò yẹn dé. Èrò inú rẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti gba atọ́nà tó máa mú un jáde láti èbúté, wọ́n sì ti gba àyè fún un ní èbúté tó kàn fún wákàtí pàtó. Bó bá pẹ́ níbí, àfi kó sáré jù lójú òkun kó sì jó epo sí i, tàbí kó pẹ́ débi tó ń lọ. Kò lè torí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti ìwé orúkọ èrò pa ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Aago 5 tí Bọ̀dá rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe aago 5 rárá. Aago 3 ààbọ̀ ni. Wákàtí mọ́kànlá ti di mẹ́sàn-án ààbọ̀.

Ẹ tún yọ àsìkò tí wọ́n fi ń tò sórí ìlà àwọn aṣọ́bodè. Ẹ yọ ti àpótí. Ẹ yọ ti bọ́ọ̀sì tó ní wákàtí tirẹ̀. Síbẹ̀, a gbà fún Bọ̀dá pé àyè ṣì kù. Ohun tí ìṣirò wọn ò lè gbà mọ́ra ni ọjọ́ tí bààlúù náà ò bá gbéra rárá. Tí wọ́n bá fagi lé bààlúù alẹ́ Jímọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alẹ́ Sátidé lẹ tó máa rí òmíràn, nígbà yẹn ọkọ̀ ojú omi ti wà lójú òkun. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù fúnra yín, tí kì í ṣe pé ẹ rà á pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀, ẹlẹ́kọ̀ọ́ ò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín lépa ọkọ̀ náà lọ sí èbúté tó kàn, bíi Stavanger tàbí Bergen. Inṣọ́ránsì ìrìnàjò lè ràn yín lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n àwọn náà máa bi yín pé: ṣé ẹ fi àyè tó tó sílẹ̀?

Gbogbo èyí la kọ sórí WhatsApp. Bọ̀dá kà á, wọ́n ní a ti ń ro ibi jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni gbólóhùn kékeré kan tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní: "Àbúrò á lọ gbé Màmá."

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àbúrò wa yìí, ẹni tó máa lọ gbé Màmá, wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ náà. Aago 8 àárọ̀ Sátidé ló máa jáde. Láti ibẹ̀, kó wakọ̀ lọ sí Heathrow, kó gbé ìyá ẹni 70 ọdún àti àpótí méjì, kó tún wakọ̀ gba òpópónà M3 lọ sí Southampton, pẹ̀lú ojú tí kò tíì dé láti àárọ̀ àná. Bọ̀dá ka kìlómítà, wọ́n ka wákàtí, wọ́n ka pọ́n-ùn. Kò sí ìlà kankan nínú ìṣirò wọn tí oorun àbúrò wa wà.

Kò sẹ́ni tó bi í. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ pé, "Kò sí wàhálà, mo lè ṣe é." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun, ẹ mọ gbólóhùn yẹn. Òun ni wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó dá owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíràn san. Òun ni wọ́n máa ń sọ nígbà tí wàhálà wà.

Ìgbà yẹn ló tó yé wa pé ètò Bọ̀dá ò fi owó òru kan pamọ́ rárá. Owó náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kàn gbé e kúrò lápò àwa mẹ́rin, wọ́n wá gbé e lé ojú ẹnì kan lórí ọ̀nà márosẹ̀. Àyè tí a kò bá fi owó rà, ara ẹnì kan la máa fi rà á. Ẹni yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kì í sọ pé rárá.

A pe Màmá. A rò pé àwa la máa là wọ́n lóye. Wọ́n kọ́kọ́ bínú sí owó náà. Wọ́n ní, "Oorun lẹ fẹ́ máa fi pọ́n-ùn rà fún mi? Ẹ fi í ránṣẹ́, kí n fi tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe." Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé ta ló ń bọ̀ wá gbé wọn. A sọ fún wọn. Wọ́n béèrè pé ìgbà wo ló máa kúrò níbi iṣẹ́. A sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a tiẹ̀ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Nígbà tí mò ń ná Kútọnu," ni Màmá wí, "ṣé ẹ rò pé Ìbàdàn ni mo ti ń jí lọ lọ́jọ́ ọjà? Àgbádárìgì ni mò ń sùn, lórí ẹní, nílé ìyá kan tó ń ta iyọ̀. Mo máa ń fún un lówó. Àwọn tí wọ́n ń sùn s'Ékòó, tí wọ́n ní àwọn á jí ní ìdájí, Mile 2 ni ilẹ̀ ń mọ́ bá wọn. Ẹ kọjá ibi tó le kí ẹ tó sùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sùn o."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa fi gbólóhùn kan parí ìjà tí a ti ń jà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún parí òmíràn tí a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Torí ẹni tó bá ti gbà láti sanwó òru kan ṣì máa pinnu ibi tí òun máa sùn: ṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú ni, àbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté? Òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ ní Heathrow, ó sì ń wu èèyàn láti kàn wọ ọ̀kan lẹ́yìn bààlúù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sùn síbẹ̀, gbogbo ọ̀nà M25 àti M3 ṣì wà níwájú yín láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Ẹ ti sanwó òru tán, ẹ ò sì tíì kọjá ibi tó le. Southampton la sùn sí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí, ohun tí a kọ́ nìyí. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lọ tààrà láti Heathrow sí Southampton. Ẹ lè kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woking, kí ẹ tó wọ rélùwéè níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìrìn ẹni 70 ọdún tó ní àpótí méjì. Bọ́ọ̀sì tó lọ tààrà ló rọrùn jù. Ó máa ń gbà tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ìgbà tí bààlúù máa balẹ̀ àti ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa gbéra, a sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè yí padà. Ní Southampton, ibi márùn-ún ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Méjì wà ní apá ìlà-oòrùn èbúté, mẹ́ta wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí ẹ tó sọ fún onítakisí pé "èbúté ni". Ẹ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú báàgì ọwọ́, torí wọ́n máa gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè pẹ́ kí ó tó dé yàrá yín nínú ọkọ̀. Nínú gbogbo èyí, ohun kan náà là ń ṣe: à ń wá ibi tí nǹkan ti lè já, à ń fi àyè síbẹ̀.

Bọ̀dá ní àríyànjiyàn kan tó kù, òun ló sì wúwo jù nínú ẹbí bíi tiwa. Wọ́n ní ìbẹ̀rù là ń fi owó rà. Wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pẹ́, pé bí a bá tiẹ̀ pẹ́, ìdí wà tí Ó fi gbà bẹ́ẹ̀, torí ìdádúró lè jẹ́ ìdáǹdè. Gbogbo wa la ti gbọ́ ẹ̀rí irú ẹ̀ rí ní ilé ìjọsìn: ẹni tó pàdánù ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì lọ dojú dé.

Èbúté Southampton ní irú ìtàn yẹn tirẹ̀. Ní 10 oṣù Kẹrin 1912, ibẹ̀ ni Titanic ti gbéra. Àwọn arákùnrin mẹ́ta kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Slade wà lára àwọn tí wọ́n gbà láti máa da èédú sínú iná ọkọ̀ náà. Wọ́n lọ mutí nílé ọtí kan nítòsí. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ọkọ̀ ojú irin kan ń kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n sì dúró kó kọjá. Nígbà tí wọ́n fi dé ibi ọkọ̀, wọ́n ti fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà fún wọn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ rì, nǹkan bí 1,500 èèyàn sì bá a lọ. Nínú wọn, àwọn tó ń gbé Southampton nìkan ju 500 lọ.

Ẹ̀rí ńlá nìyẹn, àbí? Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: àwọn tó wọlé dípò wọn ńkọ́? Àwọn yẹn tètè dé ni. Wọ́n dúró sẹ́bàá ọkọ̀, wọ́n ń retí bóyá àyè máa ṣí. Ta ló máa dìde nínú ìjọ, kó sọ fún ìyá àwọn yẹn pé ìdádúró dára? Ìtàn tí a fi ń tu ẹni tó pẹ́ nínú dára fún ìtùnú. Kò ṣeé fi ṣe ètò. Ohun tí Ọlọ́run bá fi aṣìṣe wa ṣe, tirẹ̀ ni. A ò lè dìídì ṣe àṣìṣe ká wá ní Òun la fi sílẹ̀ fún. Àwọn baba wa tí orúkọ Ọlọ́run kì í wọ́n lẹ́nu wọn náà ló sọ pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọn ò rí ìjà kankan láàárín àdúrà àti ojú tó ń ṣọ́nà.

Ẹnì kan lè ní: ó rọrùn fún yín láti sọ. Ẹni tó lówó ló ń ra àyè. Òótọ́ ni, a ò sì ní sá fún un. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, ń jí ní aago 4 ìdájí. Òun náà ti ra àyè. Oorun ẹ̀ ló fi rà á. Bó bá wá pẹ́ lọ́jọ́ kan, tí ọ̀gá tó ní awakọ̀ sọ pé kò mọ iyì àsìkò, ìwọ̀sí ni. Àwọn tálákà ló ń san owó àsìkò jù nílùú wa, ara ni wọ́n sì fi ń san án. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní í sọ pé gbogbo ẹni tó pẹ́ ló jẹ̀bi. Ohun tí a ń sọ kéré ju ìyẹn lọ: bí ẹni tó lè fi owó san án bá jẹ́ kí ara ẹlòmíràn san án, kò gbọ́dọ̀ pe ìyẹn ní ìṣúnwó.

Ká sì tún jẹ́wọ́ ohun kan. Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ yìí fúnra ẹ̀, fàájì ni. Kò sẹ́ni tó ń kú torí pé kò rí Norway. A ti fọwọ́ sí owó tó pọ̀ gan-an fún yàrá tó ní fèrèsé, fún aṣọ tuntun, fún àkàrà òyìnbó ọjọ́ìbí. Orí 118 pọ́n-ùn la wá ti rántí pé ó yẹ ká ṣọ́wó ná. Kí ló fà á? A rò pé torí òru òtẹ́ẹ̀lì ò ní fọ́tò ni. Kò sẹ́ni tó máa gbé e sójú Facebook pé, "Ẹ wo bí a ò ṣe kánjú." Ohun tí ojú ń rí là ń náwó lé, a wá ń ṣahun sí ohun tó gbé e ró.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé owó ṣòfò?

Ẹni tó sọdá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, tó sì là á já, kò gbọ́n ju ẹni tó wò lọ. Ẹni tó wò tí kò rí mọ́tò kankan kò fi wíwò yẹn ṣòfò. Ohun tí a mọ̀ lọ́jọ́ tí a ń pinnu la fi ń mọ̀ bóyá a pinnu dáadáa. Lọ́jọ́ tí a ń pinnu, a mọ̀ pé bààlúù lè má gbéra, a mọ̀ pé ọkọ̀ ò ní dúró, a sì mọ̀ ẹni tó máa fi ara ẹ̀ dí àlàfo tó bá wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn tí a ti mọ ìyẹn, bí a bá ṣì yan ètò Bọ̀dá, tí àbúrò wa sì wakọ̀ dé láyọ̀, kò ní jẹ́ pé a ṣe dáadáa. Á kàn jẹ́ pé a jẹ àjẹgbé tí wọn ò mú wa.

Kò sì jẹ́ pé a ò san nǹkan mìíràn. Àbúrò wa bá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan pààrọ̀, ó ṣe iṣẹ́ alẹ́ méjì fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kó tó lè wà lómìnira láti Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn náà, owó ni. Ṣùgbọ́n òun ló yàn án, ó mọ iye tó jẹ́, ó sì san án níbi tí kò ti sí ọwọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìdá Bọ̀dá nínú owó òru náà jẹ́ 29.50 pọ́n-ùn. Wọ́n ti san án. Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ pé a jù ú sómi, a ò sì bá wọn jiyàn mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, àbúrò wa ò fèsì. Ó kàn fi fọ́tò kan tó yà ní òtẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀. Màmá ló wà níbẹ̀, wọ́n sùn fọnfọn, ìborùn wọn wà lórí, ẹsẹ̀ wọn tó wú nínú bààlúù wà lórí ìrọ̀rí méjì. Abẹ́ fọ́tò náà ló kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí: "Èmi náà sùn."